Ṣé kí a gba etí òkun Kútọnu nínú oṣù Keje?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin fẹ́ wakọ̀ létí òkun láti Kútọnu dé Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Route des Pêches, ọ̀nà etí òkun, la fẹ́ gbà dé Ouidah, ká lọ wo Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà, ibi ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sókè òkun, lẹ́yìn náà ká wọkọ̀ ojú omi lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọnú òkun.

Òjò ló ń kọ mí lóminú. Oòrùn á ràn láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, ojú ọ̀run á ti ṣú. Lọ́dún tó kọjá, òjò ká wa mọ́ orí omi ní Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi. Ọ̀kan nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ sunkún títí a fi gúnlẹ̀. Òun náà ló sì ń hára gàgà jù báyìí. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ibẹ̀, ṣé ká sún un sí oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, àbí ká kúkú dúró de oṣù Kejìlá? Ọkọ̀ wa ò ga nílẹ̀, ṣé kò ní há sínú ẹrẹ̀? Ṣé àwọn atukọ̀ ibẹ̀ máa ń ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, àbí ká ra tiwa dání láti Èkó?