Mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ dígírì àdàpọ̀ yẹn pa

Ẹ ṣé o. Ohun tí mo bèèrè ni bóyá ọmọ Àkúrẹ́ lè fúnra rẹ̀ da Ìtàn, Yorùbá àti tíátà pọ̀ di dígírì kan. Rárá, kì í ṣe ní Nàìjíríà níbí: NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ló ń fọwọ́ sí ètò dígírì tí yunifásítì fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́. CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC gbé kalẹ̀, fi ìdá 30 nínú 100 ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ yunifásítì ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kó mú ẹ̀ka kan ní olórí, kó fi elective (kọ́ọ̀sì àṣàyàn) yá kọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn méjì yòókù, kí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá sì so wọ́n pọ̀. Ibi tó ti sábà máa ń dàrú nìyí: kọ́ọ̀sì 200 level tí kò ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, tàìmù-tébù tó forí gbárí, yúnìtì tó fẹ́ kọjá 24 ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Kó gba ìfọwọ́sí adviser, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì, kó tó forúkọ sílẹ̀, torí kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ka rẹ̀ kò mọ̀ sí lè má wọ ìṣirò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

Ti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà yàtọ̀: níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra rẹ̀ ṣètò irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìdí tí ẹ̀ka tó wà nílẹ̀ kò fi tó o, á to kọ́ọ̀sì rẹ̀, á wá olùkọ́ tí yóò tọ́ ọ, ìgbìmọ̀ á wá yẹ̀ ẹ́ wò.