Báwo ni ẹ ṣe ń fèsì fún ẹni tó yẹ ìwé ìwádìí yín wò tí kò kà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba owó ìwádìí rí ni mo ń bẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá mi kọ̀wé sí àjọ kan fún owó láti ṣèwádìí lórí èéfín tí àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ń fà símú. Ẹni mẹ́ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan yìn ín. Èkejì ní àwọn ìyá tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kéré jù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dá mi lágara: ó ní a kò sọ irú oúnjẹ tí ẹja yóò máa jẹ nínú adágún. Ẹja tó ti wà lórí ààrò! Máàkì tirẹ̀ ló sì fà wá sẹ́yìn.

Wọ́n ní a lè tún un fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú ìwé kan tí a ó fi fèsì. Ṣé kí n sọ ọ́ gbangba pé kò kà á? Ọ̀gá mi ní rárá, torí ó lè tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn.

Owó oṣù náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n fagi lé ti ọmọ tí yóò máa wọn èéfín. Bẹ́ẹ̀, NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó ran ìwádìí sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, sábà máa ń gba ọ̀gá ìwádìí pàápàá láyè láti fi owó oṣù ara rẹ̀ sí i, kó má ṣáà ju ti oṣù méjì lọ lọ́dún. Àlàyé wo ni ẹ máa ń ṣe tí wọn kì í fi í gé irú owó yìí?

Ẹni tó bá ní lẹ́tà èsì tó ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i. Ẹ lè pa orúkọ inú ẹ̀ rẹ́.