Mo ṣì dúró lórí "àwo àbọ̀ṣẹ́"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín láti Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe àwo orin tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin bá yà ṣe lọ́tọ̀, láìkúrò nínú ẹgbẹ́ wọn. Ẹnì kan ní "àwo ìyapa", ẹlòmíì ní "àwo ẹ̀gbẹ́". Èmi dábàá "àwo àbọ̀ṣẹ́", ẹ̀gbọ́n wa kan sì fèsì pé ó tàbùkù orin, pé iṣẹ́ àbọ̀, iṣẹ́ tí kò pé, ló ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Àwo tó fa gbogbo èyí ni Rocket Juice & the Moon, tó jáde ní 2012. Damon Albarn ti ẹgbẹ́ olórin Blur, Flea ti ẹgbẹ́ Red Hot Chili Peppers àti Tony Allen tiwa, onílù, ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ní Òkè-Fìà, kò tíì sú wa. Flea á máa ta okùn béèsì kíkankíkan, Tony ò ní torí ẹ̀ pariwo. Ọwọ́ kan ń sọ tiẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí idẹ, ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn nísàlẹ̀, ọwọ́ kejì á dákẹ́, á wá já wọlé níbi tí o ò fọkàn sí. Ẹni tó bá ti dúró ti onídùndún rí á mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí Fatoumata Diawara láti Mali bá wá fi ohùn lé e, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní ohun tí kò pé?

Ìyapa ò bá a mu rárá. Sunny Adé, tí wọ́n bí ní Òṣogbo níbí, ló yapa nígbà tó kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀. Flea ò lọ síbì kankan: ní 2011 ló bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwo jáde. Blur náà ṣeré ní Hyde Park ní London ní 2012 yẹn gan-an.

Ní ti "àwo ẹ̀gbẹ́", àmì ohùn kan péré ló yà á sọ́tọ̀ sí "àwo ẹgbẹ́", ìyẹn òdìkejì ohun tí à ń wí. Lórí fóònù tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fàmì sí i, ó ti dàrú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, àbọ̀ inú "ẹ kú àbọ̀" ló wà nínú àbọ̀ṣẹ́: iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Tíṣà ni Dúró Ládiípọ̀ nígbà tó ń kọ orin ìjọ ní ìlú yìí. Inú àbọ̀ṣẹ́ yẹn ni eré rẹ̀ ti hù. Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, dé ní 1962, nígbà tó sì di 1964 ó ti gbé eré dé Berlin. Ta ló fojú kéré ìyẹn?

Ohun náà fúnra rẹ̀ ò sì ṣàjèjì sí wa. Ní 1975, nígbà tí Tony Allen ṣì ń lùlù fún Fẹlá, ó gbé àwo tirẹ̀, Jealousy, jáde. Africa 70, ẹgbẹ́ Fẹlá, ló bá a ṣe é, Fẹlá alára ló sì bójú tó iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ò bínú, ọmọ ò sá lọ.

Ẹnì kan tún bi mí bóyá "àwo àdáṣe" ò ti tó. Kò tó. Àdáṣe ń sọ iye ẹni tó ṣe é, àbọ̀ṣẹ́ ń sọ pé ẹni tó ṣe é ṣì ní ilé tó ń padà sí. Àwo kan lè jẹ́ méjèèjì. Ti Albarn àti Flea yìí, àbọ̀ṣẹ́ ni, kì í ṣe àdáṣe. Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó gbé e wá.