Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún mi láti 2016, kí ló dé tó ṣì ń dùn mí?

Àṣàkẹ́_Ìlọrin: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Hándíbọ́ọ̀lù ni mò ń ṣe ní yunifásítì tí ACL orúnkún ọ̀tún mi, ìyẹn iṣan inú orúnkún tó ń dì í mú, fi já, mo fò, mo balẹ̀, orúnkún yí, mo gbọ́ pàá! Wọ́n gé lára iṣan iwájú orúnkún yẹn náà, wọ́n fi rọ́pò èyí tó já. Kò yẹ̀ mọ́ o, mi ò ní purọ́, àmọ́ ìrora ò lọ. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á máa ro mí, tí ọyẹ́ bá wá dé, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Ìkúnlẹ̀ ló le jù. Ìyá ọkọ mi dé lọ́jọ́ kan, mo ní kí n kúnlẹ̀ kí wọn, bí orúnkún ṣe kan táìsì báyìí ó gún mi bí abẹ́rẹ́, mo bá kàn tẹ̀ díẹ̀, ojú màmá yí padà. Ìrun gan-an, orí àga ni mo ti ń kí i, mi ò sì tíì pé ogójì ọdún o. X-ray ò rí nǹkan kan, ibuprofen, oògùn ìrora, ni wọ́n kàn ń kọ fún mi, inú ti wá ń ta mí. Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?

ọmọ_Mushin: Pẹ̀lẹ́ o àǹtí. Bọ́ọ̀lù ló já tèmi, iṣan ẹ̀yìn itan ni wọ́n fi ṣe é, torí náà mo lè kúnlẹ̀, àmọ́ wọ́n gé meniscus, ìyẹn ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun orúnkún, mọ́ ọn, ó máa ń wú tí mo bá dúró pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ní ìyẹn ló máa ń tètè fa arthritis, àrùn oríkèé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gé tiyín náà. Àwọn èèyàn á máa ní ṣebí ti Victor Boniface agbábọ́ọ̀lù já lẹ́ẹ̀mejì ní Norway kó tó lọ gba líìgì Jámánì pẹ̀lú Leverkusen, ẹ jọ̀ọ́, àwa tá à ń lé danfo kiri ńkọ́?

Ìyá_Ṣakí: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Wá òrí gidi, yọ́ ọ, fi pa á lálẹ́, kó o fi omi gbígbóná jó o. Ọlọ́run á wò ẹ́ sàn.

Físíò_Ìbàdàn: Ẹ ṣé mà, òrí ò burú, ara á rọ̀, àmọ́ kò lè dé inú orúnkún. Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ibi tí wọ́n ti gé iṣan yẹn gan-an lẹ fi ń kúnlẹ̀, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ṣe irú tiyín. Ẹ kọ́kọ́ máa kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó bá mọ́ra ẹ bọ́ sórí fóòmù. Ẹ wá bá mi wo nǹkan kan: ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ gìgísẹ̀ méjèèjì, ṣé orúnkún ọ̀tún nà tán bíi ti òsì? Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn itan méjèèjì. Kẹ́ ẹ wá gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ kan dìde lórí àga. Ibuprofen yẹn, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ rí dókítà nípa inú tó ń ta yín, tí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ má dúró dọ̀la o.

Àṣàkẹ́_Ìlọrin: Mo ṣe é. Ti òsì nà pẹrẹsẹ, ti ọ̀tún ò nà tán, ọwọ́ mi kọjá lábẹ́ ẹ̀. Itan ọ̀tún ti joro, ọkọ mi ló wọ̀n ọ́n, òun gan-an pariwo. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ò gbé mi dìde rárá.

Físíò_Ìbàdàn: Ẹ sọ ìyẹn fún dókítà egungun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ sì bèèrè MRI, àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán iṣan àti ẹran inú orúnkún. Ẹran kékeré kan lè hù síwájú iṣan tuntun yẹn tí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ nà, X-ray ò lè rí i, tó bá jẹ́ òun, wọ́n lè fi kámẹ́rà wọlé gé e. Itan tó joro, eré ìdárayá ló máa dá a padà: ẹ máa jókòó kẹ́ ẹ máa dìde lórí àga gíga, ẹ máa gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lọ bọ̀, tàbí kẹ̀kẹ́. Tó bá dùn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ máa bá a lọ, tó bá wú, ẹ dín in kù. Ó máa gbà tó oṣù díẹ̀ o.

Ìyá_Ṣakí: Kí ọkọ ẹ fúnra ẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀. Èmi náà níyàwó ọmọ, tí wọ́n bá sọ fún mi, màá ní kó jókòó.