Ìgbà wo lọmọ ń mọ̀ pé ẹni tó ṣèèṣì yàtọ̀ sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀?

Màmá Tóbi, Kàbbà:
Ọ̀kun o ẹ̀yin ará ilé. Àsìkò kajú la wà yìí, àwọn ọmọ ló ń bá màmá àgbà kan ládùúgbò wa ṣa tiẹ̀. Ọmọ mi obìnrin gbé garawa kajú kan ń bọ̀, ó kọsẹ̀, gbogbo ẹ̀ dà sí gọ́tà tómi kún. Ọjọ́ yẹn náà lọmọ aládùúgbò wa bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò màmá yìí, ó kó o sápò ṣòkòtò. Mo bi Tóbi, ọmọ ọdún márùn-ún, pé ta ló ṣe èyí tó burú jù, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, pé tiẹ̀ ló pọ̀. Mo ṣàlàyé títí, kò gbà! Bàbá ẹ̀ ní pankẹ́rẹ́ ló máa là á lójú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tíṣà Ìsánlú:
Màmá Tóbi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland tó ṣèwádìí ìrònú ọmọdé, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1932. Ó sọ ìtàn fáwọn ọmọdé: ọmọ kan ṣílẹ̀kùn, kò mọ̀ pé ife wà lẹ́yìn ẹ̀, ife 15 fọ́, èkejì ń jí jáàmù, ife 1 péré fọ́. Àwọn kékeré ní ẹni tó fọ́ 15 ló burú jù, àwọn tó dàgbà díẹ̀ ló ń wo ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Àmọ́ àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn ẹ̀ rí i pé tẹ́ ẹ bá sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni yẹn kó ṣe kedere, ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́rin náà máa ń rò ó mọ́ ọn. Ẹ dín kajú tó dà sí gọ́tà kù nínú ìtàn yẹn, kó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan náà, kẹ́ ẹ tún bi í.

Bàbá Ìyàrà:
Tíṣà, ẹ má bínú o, ìwé òyìnbó kọ́ ló tọ́ wa. Ọmọ tí ò bẹ̀rù ẹgba, kí ló fẹ́ bẹ̀rù?

Sístà Mopà:
Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹ̀rù wúlò lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ni tó ń nà á ò bá sí nílé ńkọ́? Lawrence Kohlberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí báwọn èèyàn ṣe ń mọ ohun tó tọ́, bi àwọn ọmọkùnrin ní Chicago, nínú iṣẹ́ tó parí ní 1958, nípa ọkùnrin kan tíyàwó ẹ̀ ń kú lọ, oníkẹ́mísì ń ta oògùn ní ìlọ́po 10 iye tó ná an, ṣé kó jí i? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ́ ló ń wá, ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ló ń wá, ó wá pín ìrònú wọn sí ìpele ìpele, ìpele àkọ́kọ́ pátápátá ló sì fi ẹni tó ń sọ pé "wọ́n máa nà án" sí. (Ọkùnrin nìkan ló bi, ìyẹn dùn mí, Carol Gilligan, onímọ̀ bíi tiẹ̀, náà bá a wí lórí ẹ̀ ní 1982.)

Tíṣà Ìsánlú:
Ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyẹn! Piaget tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ń ta góólì, ó ní ibi tí wọ́n ti ń bára wọn jiyàn lórí òfin eré, tí àgbà ò sí níbẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ pé ohun tó tọ́ sí mi tọ́ sí ẹlòmíì náà. Ẹ má tètè dá sí ìjà súwẹ̀ wọn.

Màmá Tóbi, Kàbbà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti dín in kù, ó ronú díẹ̀, ó ní "ẹni tó kó o sápò ni". Ó wá bi mí pé ta ló máa san kajú màmá àgbà.