Ṣé kí n sọ fún wọn pé àwọn rábì ti mọ sáyẹ́ǹsì tipẹ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń darí nínú ìjọ wa. Ohun tí wọ́n ń gbé kiri báyìí ni pé gbogbo ohun tí sáyẹ́ǹsì rí ló ti wà nínú Talmud, àkójọ òfin àti àlàyé àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin àwọn Júù.

Ẹ̀rí wọn kì í ṣe kékeré. Nínú Yevamot, ọ̀kan lára àwọn ìwé inú Talmud, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́rin kan, obìnrin ni gbogbo wọn, wà ní Sepphoris, ìlú kan ní Gálílì. Èkíní dá abẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ kú. Ti èkejì kú, ti ẹ̀kẹta náà kú. Nígbà tí ẹ̀kẹrin lọ bá Rábánì Símónì ọmọ Gàmálíẹ́lì, aṣáájú kan láàárín àwọn rábì, ó ní kó má dá abẹ́ fún tirẹ̀. Lónìí, àwọn dókítà mọ̀ pé hemophilia, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ ìyá dé ara ọmọkùnrin.

Lójú tèmi, àkíyèsí ni àwọn rábì fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìmọ̀ jíìnì, ohun tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ. Pesachim, ìwé mìíràn nínú Talmud kan náà, sọ pé àwọn ọlọ́gbọ́n Ísírẹ́lì ní òkè òfuurufú ni oòrùn ń gbà lóru, àwọn ti orílẹ̀-èdè mìíràn ní abẹ́ ilẹ̀ ni. Rábì Júdà Ha-Nasi sì gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ló jọ òótọ́ jù, torí omi orísun máa ń gbóná lóru! (Ìdí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ṣé kí n kọ́ wọn ní méjèèjì pọ̀, àbí á dà wọ́n lọ́kàn rú? Ẹni tó bá ti kọ́ irú ẹ̀ rí, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?