Àbọ̀ lórí ẹja sísun: awọ kò lẹ̀ mọ́ wáyà mọ́

Ìbéèrè mi ni pé tìlápíà tí mo fi èfìnrín, aáyù, atalẹ̀ àti ata rodo pa lára ń lẹ̀ mọ́ wáyà, èfìnrín a sì jóná kí inú ẹja tó jinná. Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn.

Ìmọ̀ràn pé kí n nu ẹja gbẹ ló yanjú rẹ̀. Omi ara ẹja ló ń jẹ́ kí awọ lẹ̀. Fún ẹja kìlógíráàmù kan, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí kékeré kan ààbọ̀ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi èròjà tí ẹ fi òróró pò kùn ún. Kí wáyà gbóná dáadáa kí ẹ tó fi òróró nù ún. Ẹ má yí ẹja títí awọ yóò fi ṣí fúnra rẹ̀, bí ìṣẹ́jú 6 sí 8. Ìkánjú níbí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Èfìnrín kò kan iná mọ́: inú ikùn ẹja ni mo ń kì í sí. Ìyókù, mo ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sínú òróró, mo sì ń dà á lé ẹja tó ti kúrò lórí iná.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe díẹ̀. Ó pa òórùn ẹja, àmọ́ tó bá pẹ́ lára rẹ̀, ẹran ara a funfun, a sì máa rún. Ìgbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fún un sí i.

Ẹja àrọ̀ ńlá tí a ń rà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìṣòro tó kù. Ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí èédú, iná a sì ru. Kíkó èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan dín iná náà kù, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò tíì gan.